Onígọ̀ǹbọ́ Inú Férémù

Àárò ẹni tí a kò mọ̀ le ju àárò ẹni tí a mọ̀ lọ. Ẹni tí a mọ̀, tó bá lọ, a ó rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, a ó rántí bó ṣe ń wúkọ́, ìyẹn náà á sì tù wá nínú díẹ̀. Bàṣírátù ọmọ Kàsímù kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti rántí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgé-tàgé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ jáde ní Bouaké, ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tó ní òun ń lọ ra ọjà ní Kumasi, òun ò ní í pẹ́ dé. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ti Kumasi dé ní àwọn kò rí i. Àwọn tó lọ ṣọdún Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kò yà sílé. Kò sí ẹni tó sọ pé ó kú, kò sì sí ẹni tó sọ pé ó wà. Bàṣírátù dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, síbẹ̀ bó bá rí àgbàlagbà ọkùnrin kan lọ́jà tí kò rí rí, á máa fi ojú tẹ̀ lé e títí tọ̀hún yóò fi kọjá lọ.

Àtọ́kẹ́, ìyá rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ ọkọ yìí. Bí ọmọ bá bi í pé báwo ni bàbá òun ṣe rí, á ní, "Èèyàn gidi ni." Bó bá tún bi í, á ní, "Lọ wo nǹkan orí iná." Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń parí nìyẹn. Nítorí náà, Bàṣírátù jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá bàbá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ayé àtijọ́ ni wọ́n bí i, a jẹ́ pé yóò kọ gọ̀ǹbọ́, bíi ti gbogbo bàbá arúgbó Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń rí ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ìlà wọn wá láti ẹ̀bá orí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Yóò gùn, torí òun náà gùn. Yóò dákẹ́, torí òun náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Iṣẹ́ férémù ló ń ṣe ní ọjà ńlá Bouaké, òun àti dígí, òun àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò ẹni tó ti Mẹ́kà dé, fọ́tò bàbá tó kú tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ó máa ń nu bàbá olóbàbá mọ́, á fi ìṣó kéékèèké há a, á fún wọn gbé lọ. Ó ti ṣe é fún ẹgbàágbèje èèyàn. Ní ilé tirẹ̀ ní àdúgbò Broukro, ògiri pálọ̀ ṣófo.

Nígbà tí wọ́n gé owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ sí méjì, pákó wọ́n, dígí wọ́n, ó sì di pé kí Bàṣírátù máa ra férémù àlòkù. Àwọn òyìnbó tí iṣẹ́ wọn ti dojú rú ń palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n ń lọ sílé, wọ́n sì ń ta gbogbo ohun tó wà lára ògiri wọn. Òun a lọ, a dúnàá-dúrà títí itọ́ yóò fi gbẹ lẹ́nu òyìnbó, a sì kó wọn wá sọ́jà. Kì í wo ohun tó wà nínú wọn. Á da férémù dojú bolẹ̀, á fa ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, á yọ páálí, á gbọn bébà inú rẹ̀ dànù, ó parí. Ẹlẹ́ja díndín tó wà ní ìkọjá òpópó a wá kó bébà náà láti fi di ẹja. Wọ́n ti fi òdòdó di ẹja ní Bouaké, wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi di í, wọ́n ti fi ọbabìnrin ìlú òyìnbó tí a kò mọ̀ di í.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí lórí òwú. Òun náà kó ẹrù rẹ̀, ó sì ta ọ̀pọ̀ férémù dúdú fún Bàṣírátù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tó ń tú wọn, dígí ọ̀kan fọ́, ó sì ní láti yí férémù náà sókè kó lè ṣa àfọ́kù kúrò. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe ń wò ó láti inú férémù.

Kì í ṣe fọ́tò. Yíǹkì dúdú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọkùnrin dúdú kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, ó fi fìlà lé orúnkún, ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lórúkọ. Ó gùn. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti ẹ̀bá orí wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ìlà tò, ó tò, ó tò. Bàṣírátù gbàgbé pé dígí wà lọ́wọ́ òun, ó gé e lọ́mọ-ìka, kò mọ̀ ọ́n lára.

Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí bí kò ṣe ọjọ́ ìkómọ. Ó gbé férémù náà mọ́ àyà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní.

"Ìyá mi, ẹ wo Bàbá."

Àtọ́kẹ́ gbà á. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó fi etí ìró nu eruku ojú àwòrán náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀."

Bàṣírátù kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá pákó tó dára jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣe férémù tuntun fún un, ó sì gbé bàbá rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń kí àwòrán náà kó tó bu omi àlùwàlá. Láti ọjọ́ náà, Àtọ́kẹ́ kò fi àárọ̀ kan ṣeré. Á kí i pé ẹ ò jíire bí, á sọ iye tí iṣu di fún un, á sọ ẹni tó ṣaláìsí. Lẹ́nu ìgbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ivoirité, pé ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wá jókòó sórí ilẹ̀, ó sọ ìyẹn náà fún un, ó ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, wọn ò tíì lé àwọn.

Afọlábí, ọkọ Bàṣírátù, tí wọ́n dá dúró níṣẹ́ ní Zone industrielle níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà, tí kò sì ní nǹkan méjì tó ń ṣe ju àwàdà lọ, a máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àwòrán. "Ẹ káàsán sà. Ẹ bá mi bẹ ọmọ yín, ọbẹ̀ tó ń fún mi ti ń ṣàn jù." Bàṣírátù a rẹ́rìn-ín. Kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàbá òun ṣàwàdà rí, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ohun tí Bàṣírátù ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ṣì ń fi í ṣẹ̀sín ní Broukro. Sákínátù, ọmọ rẹ̀ àgbà, fẹ́ ṣe ìdánwò, wọ́n sì ní kó mú ìwé ọmọ onílẹ̀ wá. Bàṣírátù lọ. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ bi í pé níbo ni wọ́n ti bí i. Ó ní Bouaké. Ó bi í pé bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ó sọnù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Madame, bàbá kì í sọnù. Ṣé ó dá ọ lójú pé o tilẹ̀ ní bàbá?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára gan-an. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yọ àwòrán lára ògiri, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ síwájú ọ̀gá náà, ó sì ṣí i. Ó ní, "Bàbá mi rè é." Ọ̀gá gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lósì, ó fi ìka tọ ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ, o ní bàbá. Anago sì ni, Yorùbá ni, wo ojú ẹ̀. Lọ ṣe káàtì àlejò."

Bí ìjọba ṣe kọ̀ láti fún un ní ìwé ọmọ onílẹ̀ nìyẹn, tí Afọlábí fi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ lo gbé ẹlẹ́rìí tó jẹ́rìí takò ọ́ lọ, Ìyá Sákínátù." Inú bí Bàṣírátù nítorí ọmọ rẹ̀, ó bí i gan-an. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé férémù náà bọ̀ láàárín ọjà, ohun kan ń dùn nínú rẹ̀ tí kò lè sọ fún ẹnì kankan. Ìjọba ti wo bàbá òun lójú, ó ti ní bàbá òun ni.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn yòókù. Ó rò ó pé ibi kan náà ni gbogbo bébà inú ẹrù Amẹ́ríkà yẹn ti wá. Bí bàbá òun bá wà nínú ọ̀kan, àwọn yòókù á sọ ibi tó wà. Àbùkù rẹ̀ sì ni pé òun ti gbọn púpọ̀ nínú wọn dànù. Ó sáré tọ ẹlẹ́ja lọ. Ọlọ́run ṣàánú, obìnrin náà ti lẹ méjì mọ́ ara ìsọ̀ rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, òróró ti mu wọ́n ní igun. Bàṣírátù rà wọ́n padà. Ó gbọ́ pé onígbàjámọ̀ kan ní abúlé Mamini ra ọ̀kan lọ́wọ́ òyìnbó náà fúnra rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Mamini. Ó gbọ́ pé ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rù ní Zone industrielle, ó lọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Obìnrin tó máa ń du owó dígí bí ẹni ń jà wá ń san ohunkóhun tí wọ́n bá bu lé bébà. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti àwọn èèyàn dúdú tó ń ká òwú. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń la ọ̀nà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé onípákó, obìnrin kan ń sá aṣọ lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá nínú oko. Bàṣírátù tò wọ́n sórí ibùsùn, ó sì fi wọ́n ro ìrìn bàbá rẹ̀. Láti Kumasi ó lọ sí etí òkun, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ká òwú níbẹ̀, ó la ọ̀nà, ó gbé ilé onípákó. Obìnrin tó ń sá aṣọ yẹn, Bàṣírátù kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni bàbá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e padà wá sílé. Bó bá dé ibẹ̀ nínú ìrònú rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa wá ẹnu ọ̀nà.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí nǹkan ti rí báyìí nígbà tí obìnrin Amẹ́ríkà kan dé sí ìsọ̀ rẹ̀, òun àti Germaine, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń kọ́ àwọn ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní líísẹ̀, ilé ìwé gíga ìlú náà. Germaine ní ọmọ òyìnbó òwú yẹn ni. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì ń wá àwọn àwòrán tí bàbá náà tà nígbà tó ń fi ìwàǹwára lọ. Gbogbo ọjà ló tọ́ka sí Bàṣírátù.

Ó mú wọn délé, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè lé àlejò tó ń wá nǹkan bàbá rẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe rí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì lára ògiri, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ó sọ̀rọ̀ gígùn. Àtọ́kẹ́ wà lórí ẹní rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà.

"Ó ní èyí ni bàbá òun fẹ́ràn jù," Germaine ní. "Ó ní nígbà kan, kó tó di pé Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ tán pátápátá ní Amẹ́ríkà, ebi ń pa èèyàn. Ìjọba wọn wá gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́, ó ń sanwó fún wọn, ó ní kí wọ́n máa ya ohun tí ojú wọn bá ń rí. Wọ́n gbé àwòrán náà kọ́ sí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, wọn ò kà á sí mọ́. Wọ́n ń tà á bí àlòkù, àwọn míì ń rà á tìtorí férémù. Bàbá ẹ̀ wà ní ọ̀dọ́ nígbà yẹn, ó ń ṣà wọ́n jọ díẹ̀díẹ̀."

"Bi í pé ta ni ọkùnrin yìí," Bàṣírátù wí. Ó ti ń wo ìyá rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó fẹ́ ṣẹ́jú sí Germaine pé kó fi ìdáhùn náà sínú, kí ìyá òun má baà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti yíjú sí òyìnbó.

"Ó ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Ó ń dúró de iṣẹ́ lẹ́nu ọ́fíìsì ìjọba ni, ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣe é."

Lọ́dún 1937, Àtọ́kẹ́ gan-an ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kàsímù sì ń sáré kiri ní ìhòòhò níbikíbi tó bá wà. Bàṣírátù rò ó, ó sì tún un rò.

"Ìlà ojú ẹ̀ ńkọ́?"

Germaine béèrè. Obìnrin náà sún mọ́ dígí, ó fi ìka ṣàlàyé. Kì í ṣe ìlà. Orí pákó ni ayàwòrán náà ti gbẹ́ ẹ, kó tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Ibi tí oòrùn bá mọ́lẹ̀ sí, á fi ọ̀bẹ fà á tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo apá aṣọ rẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹ wo bẹ́ǹṣì, ó wà níbẹ̀. Bàṣírátù wò ó. Lóòótọ́, ìlà wà lára bẹ́ǹṣì, ó wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ó wà lára fìlà. Láti ọdún yìí wá tó ti ń nu dígí rẹ̀ lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn rí.

Ojú tì í. Lẹ́yìn ìtìjú ni inú bí i, ó bínú sí ọkùnrin inú àwòrán náà bí ẹni pé ọkùnrin náà ló purọ́ fún un. Ó fa àpótí, ó gùn ún, ó yọ férémù lára ìṣó.

"Sọ fún un kó máa gbé e lọ. Kó kó àwọn tó wà ní yàrá mọ́ ọn. Kì í ṣe èèyàn wa."

Obìnrin Amẹ́ríkà náà na ọwọ́ méjèèjì. Àtọ́kẹ́ gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

"Gbé e padà síbẹ̀."

"Ìyá mi, kì í ṣe Bàbá. Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí Germaine wí ni?"

"Mo gbọ́. Kò sọ ohun tí mi ò mọ̀. Kàsímù ò kọlà. Ẹ̀yìn odi ni ìyá ẹ̀ bí i sí, olóòlà ò sí níbẹ̀, ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere báyìí ni."

Bàṣírátù dúró lórí àpótí, férémù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wá ń wò mí láti ọjọ́ yìí."

"Kí ni kí n ṣe? O sáré wọlé, o kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ, o ní kí n wo bàbá rẹ. Èmi náà ló fà á. Ní gbogbo ìgbà tó ò ń bi mí, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, mi ò dá ọ lóhùn. Mo wá ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọ."

Bàṣírátù sọ̀ kalẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ti lọ. Bí ìyá òun bá mọ̀ pé ojú náà kò ní ìlà, a jẹ́ pé ó mọ ojú náà. Bàbá òun ṣì wà níbì kan, ó wà nínú orí arúgbó yìí, ìbéèrè kan péré ló kù. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹní.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi lónìí. Báwo ló ṣe rí?"

Àtọ́kẹ́ di ojú. Arúgbó náà ń wá a, èèyàn lè rí i lójú rẹ̀ pé ó ń wá a. Ó pẹ́ kó tó la ojú.

"Mi ò rí i mọ́," ó wí. "Nígbà tó o kọ́kọ́ gbé eléyìí wá, mo ṣì ń rí i dáadáa. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń kí eléyìí. Nígbà tó yá, mo wá ń kí i nítorí ara mi, torí mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ní báyìí, bí mo bá ti dijú pé kí n rí Kàsímù, eléyìí ló ń yọjú, tòun ti ìlà ẹ̀. Bó o bá fún wọn gbé lọ, ta ni mo fẹ́ máa rí?"

Germaine kò túmọ̀ èyí. Bàṣírátù ní kó sọ fún obìnrin náà pé kó máa kó àwọn yòókù, àwọn tó ń ká òwú àti àwọn tó ń la ọ̀nà àti ilé onípákó, kò sí ohun tí òun fẹ́ fi wọ́n wá mọ́. Lẹ́yìn náà ó tún gun àpótí, ó gbé ọkùnrin Amẹ́ríkà náà kọ́ sí ipò rẹ̀, ó tún un ṣe kó má wọ́. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì sunkún bàbá rẹ̀ bí a ṣe ń sunkún ẹni tó kú lọ́jọ́ náà.